Bí Ìjọba Iyọ̀ Ṣe Jóná

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rán ọmọ-ọmọ mi obìnrin kó lọ ra iyọ̀ wá fún mi ní Jakpa Road, níbí ní Warri. Ọ̀rá kékeré kan ló mú dé, ó ní irínwó náírà ni. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì fi Pidgin kún un: "Grandpa, when last you enter market?" Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, owó tí kò tó náírà kan ni màmá mi fi ń ra iyọ̀ tí a ó máa jẹ títí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní yunifásítì, owó tí mò ń san fún oúnjẹ oṣù kan gbáko, pẹ̀lú adìyẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kò lè ra agolo mílíìkì kan lónìí. A tún máa ń ráhùn nígbà náà pé itan adìyẹ náà kéré. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe wá.

Iyọ̀ yìí ló mú mi rántí ọ̀rẹ́ mi kan, àti ìjọba àtijọ́ mẹ́ta tí a dá sílẹ̀ nínú yàrá ìpàdé kan ní Warri, tí a sì fi ọwọ́ ara wa pa run ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí la jọ wọ mọ́tò kan náà wá sí Warri láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Èmi ti kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn jáde ní yunifásítì, wọ́n sì gbé mi wá síbí láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama. Òun kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ, àmọ́ ó mọ ọjà. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Pessu, ó ń ta ṣúgà, mílíìkì àti iyọ̀. Iyọ̀ ló sọ ọ́ di èèyàn, débi pé Oníyọ̀ ni gbogbo ọjà ń pè é. Tíṣà ni òun ń pè mí. Bí ilé ìwé bá ti parí, iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo máa ń lọ láti ta dráfù. Ojoojúmọ́ ló ń nà mí, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n tiẹ̀ kọ́ yín níbẹ̀ ná?"

Mo ní ojúlùmọ̀ púpọ̀ ní Warri. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní.

Nígbà tí ìjà Warri bẹ̀rẹ̀, tí àwọn onílé dojú ìjà kọ ara wọn, àwa àlejò káwọ́ wa lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá àdúgbò wa máa ń ṣèpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn onígbàgbọ́ bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Alága wa jẹ́ Alhaji kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ọkùnrin tó bẹ̀rù àhesọ ju ìbọn lọ. Ó dìde lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí fèrèsé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, títì ni fèrèsé yìí ń wò. Ẹni tó ń kọjá lè gbọ́ Yorùbá. Àlejò kì í dá sí ìjà onílé. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ìjà yìí nínú ìpàdé, tó bá dárúkọ ẹ̀yà kankan, tó bá ní lágbájá ló jẹ̀bi, kéréètì ẹlẹ́rìndòdò kan ni ìtanràn rẹ̀."

Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Alága, ìjà wo lẹ ń sọ?"

"Ìjà tó ń lọ láàárín àwọn…" Alhaji fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Òun ló kọ́kọ́ ra kéréètì.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ mọ ọ̀nà tó ṣeé gbà, bí kò bá sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìjà wà? Ìyá Aláṣọ ló wá ọgbọ́n dá sí i. Obìnrin yìí ń ta aṣọ ní Pessu, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì kọ iṣẹ́ rí.

"Ẹ jẹ́ kí n pìtàn kékeré kan fún yín," ó wí. "Láyé àtijọ́, nígbà tí òṣùpá ṣì jẹ́ méjì lójú ọ̀run, ìjọba mẹ́ta ló wà láyé: Ìjọba Iyọ̀, Ìjọba Èédú, àti Ìjọba Amọ̀. Àwọn ọmọ ogun Èédú ti gé igi dí ọ̀nà afárá láàárọ̀ yìí o. Ìtàn mi tán."

Gbogbo wa mi orí. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀nà afárá lọ́jọ́ kejì. A fi ìtàn ran ara wa lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí tí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ fi hàn. Nítorí òfin Alága, kò sẹ́ni tó lè béèrè pé àwọn wo ni Iyọ̀, àwọn wo sì ni Èédú. Oníkálukú ti pín wọn bó ṣe wù ú nínú ọkàn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan wọ́n kéde pé Amọ̀ ti gbà láti ṣe àlàáfíà. Arákùnrin kan tó ń gbé ní Ekete fò sókè, ó dágbére, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́ tó fi sáré padà wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Amọ̀ wo lẹ ní ó gbà?" ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Amọ̀ wo? Ṣé àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ni àbí àwọn…"

"Kéréètì kan," ni Alhaji wí.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fi ìtàn náà wá ọ̀nà mọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè fi í sílẹ̀. Òfin kónílé-ó-gbélé ti sé gbogbo wa mọ́ àdúgbò. Ọjà ti dá páropáro, ilé ìwé ti pa, kò sì síbi téèyàn fẹ́ lọ. Ìjọba mẹ́ta yìí nìkan ni ibi tí a lè rìn dé láìgbé ọwọ́ sókè fún sọ́jà.

Ni wọ́n bá ń dàgbà, oníkálukú wa sì mú ìjọba kan ní tirẹ̀. Ẹnjiníà kan wà láàárín wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ilé iṣẹ́ epo gbé wá láti Èkó. Ó ya àwòrán ilẹ̀ náà sórí páálí ńlá kan, òkè, igbó, odò, gbogbo rẹ̀. Ìyá Aláṣọ, tó ti sọ pé ọmọ Amọ̀ ni òun, wò ó títí.

"Odò tiwa dà?"

"Màmá, amọ̀ ni yín. Omi á tú yín ká ni."

"Ta ló bí ọ? Ṣé itọ́ ni wọ́n fi ń mọ ìkòkò nílé yín? Fún wa lódò!"

Ó fún wọn ní odò. Iyọ̀ ní odò tàwọn ni. Bí ìjà ààlà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí pé ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, èmi ni wọ́n sọ di òpìtàn gbogbo ayé náà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni mo sọ bí ọba àkọ́kọ́ ní Èédú ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde láti inú ààrò. Èmi ni mo fi yé wọn pé òṣùpá kejì jẹ́ ti àwọn ará Amọ̀ látilẹ̀, pé ṣe ni Iyọ̀ yá a fún ìgbéyàwó, tí wọn kò dá a padà. Àwọn ará Amọ̀ kò bá Iyọ̀ sọ̀rọ̀ fún odindi ìpàdé kan nítorí òṣùpá yìí. Ọmọ mi obìnrin gbọ́ nígbà tí mò ń ronú rẹ̀ sókè nílé, ó ní, "Daddy, this una kingdom get airport?"

Ẹ wo àwa tí a ní a kì í dá sí ìjà. Iyọ̀ ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, Èédú sẹ́nu ọ̀nà, Amọ̀ láàárín. Bí ará Iyọ̀ bá pín obì, ará Èédú á ní eyín ń dun òun. Alhaji fúnra rẹ̀, bàbá àlàáfíà, kéde kónílé-ó-gbélé sórí àwọn ìjọba: ará Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jáde lọ tọ̀ bí ará Èédú kan bá ṣì wà níta. Àwọn àgbàlagbà ń di ìtọ̀ mọ́ra nítorí ìlú tí kò sí.

Lọ́jọ́ kan tí a tú ká, sọ́jà kan dá wa dúró ní oríta. Ó ti ń gbọ́ ariwo wa láti ọ̀sán.

"Mama, wetin una dey do for inside since?"

"Oga soja," ni Ìyá Aláṣọ dáhùn, "na kingdom matter."

Ọkùnrin náà rò pé ìsìn ni. Ó ṣí fìlà. "Make una pray for us, Mama."

"Amen," ni ìyẹn wí, ojú rẹ̀ kò yẹ̀.

Oníyọ̀ nìkan ni kì í fi gbogbo ara ṣe é. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń ní kí n má fi ìwé tí ìjọba ná owó lé lórí ṣe eré ọmọdé. Títí di ìgbà tí iná fi jó apá kan ọjà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú èyí tó jó. N kò mọ ẹni tó ti iná bọ̀ ọ́, òun náà kò mọ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ wò ó. Iyọ̀ kì í jó, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà ti yọ́ mọ́ iyọ̀, àwọn méjèèjì dì gbagidi, wọ́n dúdú bí àpáta. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a. Kò fọ́.

Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan. Bí àdánù bá dé bá ẹnì kan, gbogbo ìpàdé ló máa ń dìde dúró. Alága á kí onítọ̀hún, gbogbo wa á kí i lẹ́ẹ̀kan náà, a ó ṣàdúrà, a ó sì wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. A ti dìde rí fún ewúrẹ́ Ìyá Aláṣọ. Bí ẹgbẹ́ kò bá tíì dìde, ṣe ló dà bí ẹni pé àdánù náà ṣì wà lọ́rùn ẹni tó ni ín, tí kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Nígbà tí ó kan ti Oníyọ̀, Alhaji nu ojú rẹ̀, ó ní: "Bí a bá sọ pé ẹ kú ewu iná, ẹni tó ń kọjá á béèrè pé iná wo. Á tún béèrè pé ta ló dá a. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí i nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan." A sì lọ. Ó fún oníkálukú lómi mu, ó dúpẹ́. Ẹgbẹ́ kò dìde.

Láti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú pípọ́n ṣe ìjọba. Ó gba oyè Balógun Iyọ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kó ogun ja Èédú, gbogbo ilé sì kọjú sí òpìtàn láti mọ ẹni tó ṣẹ́gun. Mo sọ ohun tí mo rò pé yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín: mo ní òjò rọ̀ lójú ogun, gbogbo ọmọ ogun Iyọ̀ sì yọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníyọ̀ dìde.

"Tíṣà, o pa èèyàn mi."

"Ọ̀rẹ́, ìtàn mà ni."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Ṣé ẹlòmíràn ló pa wọ́n nínú rẹ̀?"

Ó mú fìlà, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ síwájú tábìlì kékeré tó fi ń tajà látìgbà iná náà. Pátákó dráfù kò sí níbẹ̀. Ó kí mi bí ẹni ń kí agbowó-orí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún ìyàwó mi pé ọkọ òun ti bá onílọ́rì sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ń kó ẹrù padà sí Ìjẹ̀bú. Ó ní Warri ti tán lára òun.

N kò lè jẹun. Ìyàwó mi wò mí, ó wo àwo mi.

"Ìwọ kọ́ lo ní òpìtàn ni ọ́?"

"Èmi ni."

"Gbogbo ìlú tí o kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì ńkọ́, àwọn ìlú àtijọ́ wọ̀nyẹn? Wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n ti parun."

"Lọ pa tiyín náà run. Kó má sí Iyọ̀, kó má sí Èédú, kẹ́ ẹ tún lè jókòó pọ̀ bí èèyàn. Àgbàyà gbogbo."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde, mo dá àbá pé kí a pa ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta run. Oníyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kì í ṣe torí tèmi lòun ṣe wá, pé balógun kì í sá nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹjọ́ ìlú rẹ̀. Gbogbo wọn fara mọ́ ọn pé kí ìparun dé. Irú ìparun tí yóò jẹ́ ni wọn kò lè fẹnu kò lé lórí.

Ẹnjiníà ní kí omi bò wọ́n, ó ti ṣírò gíga rẹ̀ sórí páálí. Ìyá Aláṣọ fò dìde: "Kí àwa Amọ̀ kọ́kọ́ tú ká, kẹ́ ẹ máa wò wá? Èèwọ̀!" Àwọn kan ní kí ilẹ̀ la ẹnu. Èédú ní inú ilẹ̀ kún fún ẹ̀mí àìrí, àwọn kò lè kó ọmọ wọbẹ̀. Ẹnì kan ní kí òṣùpá kejì já lulẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ìlú ẹni tí yóò já lé. Amọ̀ ní Iyọ̀ tó yá a tí kò dá a padà ni kó já lé lórí. Alhaji ní kí a yan ìgbìmọ̀.

"Iná," ni Oníyọ̀ wí.

Ó wà lórí ìjókòó, kò gbé ohùn sókè. Àgbà Èédú kan rẹ́rìn-ín: "Balógun, èédú ni wá. Kí ni iná tún fẹ́ jó lára wa?"

"N kò bá ẹ̀yin wí. Iyọ̀ ni mò ń sọ. Iná ló jó Iyọ̀."

Ẹnjiníà rọra nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Iyọ̀ kì í jó, sà."

"Ó jó."

"Tí ẹ bá fi ojú sáyẹ́ǹsì wò ó, sà…"

"Mo ní ó jó!" Ó ti wà lórí ìdúró báyìí. "Mo dúró síbẹ̀. Ó dì mọ́ ṣúgà, ó dúdú kirikiri, mo fẹsẹ̀ gbá a, kò fọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń kó o jọ. Ó jó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó jó."

Ọmọdé kan ń ta omi kọjá ní títì, a gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ó fi jìnnà. Èmi ni òpìtàn, èmi ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí. Iná ló jó Ìjọba Iyọ̀."

Àgbà Èédú náà wúkọ́. "Bí Iyọ̀ bá jó, kí Èédú náà jó. A ò ní dá yín dá a."

"Amọ̀ náà á jó," ni Ìyá Aláṣọ wí, ó ń fi etí gèlè nu ojú. "Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ o, bí amọ̀ bá jóná, ìkòkò ló ń dà."

Báyìí ni gbogbo ayé náà ṣe jóná, pẹ̀lú òṣùpá rẹ̀, láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń mu ẹlẹ́rìndòdò kan tán. Ẹnjiníà ká páálí rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Alhaji dìde. Ó rìn lọ sídìí fèrèsé, mo sì rò pé yóò tì í. Ó kàn yọjú wo títì, ó padà, ó sì tún agbádá ṣe.

"Ẹ dìde," ó wí.

Gbogbo wa dìde.

"Balógun Iyọ̀, ẹ kú ewu iná."

"Ẹ kú ewu iná!" Mo gbà pé wọ́n gbọ́ wa dé ọ̀nà afárá.

"Ọlọ́run á fi òfò náà ra ẹ̀mí. Kò ní fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́."

"Àmín."

A ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Iyọ̀, Èédú, Amọ̀, láìtò. Nígbà tó kàn mí, ó di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kó lọ. "Ó dùn mí o, Tíṣà," ó wí. "Ó dùn mí gan-an." Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí Ìyá Aláṣọ ń béèrè lọ́wọ́ Alhaji bóyá ìtanràn wà lórí ohun tó sọ yẹn. Alhaji ní iná ayé àtijọ́ ni.

Lọ́rì dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Oníyọ̀ ṣáájú rẹ̀. Oníyọ̀ jáde, ó yí lọ́rì náà ká bí ẹni tó fẹ́ rà á, ó sì sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kò sí ẹrù mọ́. Dẹ́rẹ́bà, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, ní òun kò ní padà lófìfo láé.

"Gbé Tíṣà lọ," ni Oníyọ̀ wí. "Kò wúlò níbí."

Àríyànjiyàn náà wọ ọ̀sán. Nígbà tí ebi pa dẹ́rẹ́bà, ìyàwó Oníyọ̀ gbé sítáàṣì àti ọbẹ̀ bánga, oúnjẹ àwọn ará ibí, fún un, ìyẹn kò jẹ ẹ́ rí, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè. Ó wá rí oníṣòwò kan tó fẹ́ kó epo pupa lọ, ó sì lọ. Oníyọ̀ kò sọ fún mi pé òun ń dúró. Ó kàn ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó tú ẹrù tó ti dì.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Alhaji ti kú, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ, ẹgbẹ́ sì dìde fún un bó ṣe yẹ. Àgbà Èédú náà ti kú. Ìyá Aláṣọ wà láàyè, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú. Wọ́n ní kì í dá èèyàn mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi Pidgin bú wọn. Ẹnjiníà wà ní òkè òkun, ó máa ń pè bí ọdún bá yípo. Ìyàwó mi kò sí mọ́. Ìyàwó Oníyọ̀ wà. Arákùnrin tó padà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Oníyọ̀ wà ní Ekete, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Èmi náà wà.